Ràṣídì Yẹkínnì, Atamátàsé Ọmọ Ìrá

Ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́ àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa gbá bọ́ọ̀lù. Bí agogo ìsinmi bá ti lù ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn a gbé òkúta méjì kalẹ̀ ní ìhà ọ̀tún, wọn a sì gbé méjì kalẹ̀ ní ìhà òsì. Òkúta wọ̀nyí ni wọ́n fi ń ṣe òpó ilé. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé a máa sáré yí pápá ká, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa sá tẹ̀lé e.

Ní ọdún 1994, bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé báyìí, orúkọ kan ni ó máa ń pe ara rẹ̀. Orúkọ náà ni Yẹkínnì. Ẹni tí ó ni orúkọ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ Ìrá ni, ìlú kan nítòsí Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Aládùúgbò ni àwọn ará ibẹ̀ àti àwa Ìgbómìnà. Ó ti kú kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́ àti iṣẹ́ tí ó ṣe.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni a bí Ràṣídì Yẹkínnì. Ìrá ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Kàdúná ni a bí i sí. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn láti agbègbè wa ti máa ń lọ sí Kàdúná, Kánò àti Jọ́ọ̀sì láti ṣòwò tàbí láti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti ibẹ̀ dàgbà, síbẹ̀ tí wọn kò gbàgbé ilé.

Ní Kàdúná, iléeṣẹ́ ńlá kan wà tí ń hun aṣọ, tí a ń pè ní UNTL. Iléeṣẹ́ yìí ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Ràṣídì wà ní ọdún 1981, nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, eré rẹ̀ sì yá. Iwájú ni wọ́n fi í sí.

Iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù iwájú kò rọrùn. Mọ́kànlá ni àwọn tí wọ́n máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí pápá. Aṣọ́lé ń ṣọ́ ilé, àwọn ẹ̀yìn ń dènà ọ̀tá, àwọn àárín ń pín bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ojú ẹni iwájú ni gbogbo wọn ń wò pé kí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Bí ó bá gbá a wọlé, gbogbo ayé ni yóò yìn ín. Bí ó bá tàsé, òun ni wọn yóò dá lẹ́bi. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ní atamátàsé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ ni. Ẹni tí ó ta ọfà tí ọfà rẹ̀ kò sì tàsé.

Ní ọdún 1982, Ràṣídì kúrò ní Kàdúná, ó lọ sí Ìbàdàn láti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Shooting Stars. Ní ọdún 1983, ẹgbẹ́ yìí ni ó ṣe ipò kìíní nínú ìdíje líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n bá ẹgbẹ́ Zamalek ti ìlú Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì pàdé ní àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n Zamalek ni ó borí. Lẹ́yìn èyí, Ràṣídì lọ sí Abẹ́òkúta. Ó wọ ẹgbẹ́ Abiola Babes, tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí gba ife Challenge Cup ní ọdún 1985.

Ọdún 1987 ni Ràṣídì kọ́kọ́ lọ fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe ní òkèèrè. Ìlú Abidjan ní ilẹ̀ Kódífúà ni ó lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ni ó ti ń ṣòwò ní ìlú náà tipẹ́tipẹ́. Ẹgbẹ́ Africa Sports ni Ràṣídì bá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ní ọdún 1990, ó ré kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Pọ́túgàl. Ìlú Setúbal ni ó dé sí, ìlú etí òkun kan tí kò jìnnà sí Lisbon, olú-ìlú ilẹ̀ náà. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Vitória. Èdè Pọtogí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Oúnjẹ wọn kì í ṣe àmàlà tàbí iyán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ní irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù.

Kò pẹ́ tí ìṣòro fi dé. Ní òpin ọdún eré 1991, ẹgbẹ́ Vitória kò ṣe dáadáa tó, a sì já wọn sí ìpele kejì. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni ó máa ń wá ibòmíràn lọ. Ràṣídì kò lọ. Ó dúró ti ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìpele kejì fún ọdún méjì. Ní ọdún eré 1992 sí 1993, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìgbà 34 nínú eré 32. Ẹgbẹ́ Vitória sì padà sí ìpele kìíní.

Àwọn kan lè rò pé nítorí pé ìpele kejì ni ni ó ṣe rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún eré tí ó tẹ̀lé e, nínú ìpele kìíní gan-an, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìgbà 21. Kò sí ẹni tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀ wọlé ní gbogbo ilẹ̀ Pọ́túgàl ní ọdún náà, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn atamátàsé ẹgbẹ́ ńláńlá bíi Benfica, Porto àti Sporting. Sùúrù ọmọ Ìrá ti so èso.

Bí ó ti ń ṣe èyí ní òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ baba rẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀nà rẹ̀ kò tẹ́jú. Ní ọdún 1984, ó wà lára àwọn tí Nàìjíríà kó lọ síbi ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n dé àṣekágbá, Kamẹrúùnù sì borí wọn. Ní ọdún 1988, wọ́n tún dé àṣekágbá, Kamẹrúùnù tún borí wọn. Ní ọdún 1990, wọ́n dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Algeria ni ó borí wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọdún 1992, ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé kò sí nínú kádàrá òun. Ràṣídì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń padà wá ni.

Ní ọdún 1993, a yan Ràṣídì Yẹkínnì ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè yìí. Ní ọdún 1994, Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Tùnísíà fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ràṣídì gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún wọlé, kò sì sí ẹni tí ó gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdíje náà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, wọ́n bá Zambia pàdé ní àṣekágbá. Ní ọjọ́ yìí, Ràṣídì kò gbá ọ̀kankan wọlé. Emmanuel Amuneke ni ó gbá méjèèjì tí Nàìjíríà fi borí pẹ̀lú méjì sí ẹyọ kan. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọwọ́ Ràṣídì tẹ ife náà.

Ní ọdún kan náà, Nàìjíríà lọ síbi ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà, ní ìlú Dallas, Nàìjíríà bá Bulgaria pàdé. Òru ni ní ilẹ̀ wa nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sùn. Àwọn tí wọ́n ní tẹlifísọ̀n tàn án, àwọn aládùúgbò sì kóra jọ síwájú rẹ̀.

Nígbà tí eré wọ ìṣẹ́jú kọkànlélógún, Finidi George sáré gbé bọ́ọ̀lù gba ìhà ọ̀tún, ó sì fi í ránṣẹ́ gba iwájú ilé kọjá. Ràṣídì ti ń sáré bọ̀ ní òdìkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ Nàìjíríà yóò gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Ràṣídì kò jó, kò sì tàkìtì. Inú àwọ̀n ni ó sáré wọ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gba ojú àwọ̀n náà, ó dì í mú, ó sì ń ké tomijé-tomijé. Àwọn tí ó rí i ní ọjọ́ náà kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe ayọ̀ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ó ń yọ̀. Gbogbo ọdún tí ó ti fi ń rìn láti Kàdúná dé Ìbàdàn, dé Abẹ́òkúta, dé Abidjan, dé Setúbal, ni ó wà nínú igbe náà. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta sí òdo ni Nàìjíríà fi borí ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni Bulgaria yìí kan náà ni ó ṣe ipò kẹrin nígbà tí ìdíje náà parí.

Bí ọjọ́ bá kan àtàrí, yóò padà yẹ̀. Lẹ́yìn Amẹ́ríkà, Ràṣídì lọ sí ẹgbẹ́ Olympiacos ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ibẹ̀ kò bá a lára mu, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ó lọ sí Gijón ní ilẹ̀ Sípéènì, ó padà sí Setúbal fún ìgbà díẹ̀, ó lọ sí Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, ó sì tún dé Tùnísíà àti Saudi Arabia. Ó tún bá Nàìjíríà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti ọdún 1998 ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn náà, ó padà sọ́dọ̀ Africa Sports ní Abidjan. Nígbà tí ó padà sílé, ó bá ẹgbẹ́ Julius Berger ní Èkó gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2005, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ó tún wọ ẹgbẹ́ Gateway ní Abẹ́òkúta fún ìgbà díẹ̀.

Bọ́ọ̀lù 37 ni ó gbá wọlé fún Nàìjíríà. Títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀ wọlé fún ilẹ̀ wa.

Ìbàdàn ni Ràṣídì fi ṣe ibùgbé nígbẹ̀yìn. Ó ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́, kò fẹ́ ariwo, a kì í sì í rí i níbi àríyá àwọn ènìyàn ńlá. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2012, ó kú ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ìrá, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sunkún nígbà tí wọ́n gbọ́ ikú rẹ̀. Ó dun àwọn mìíràn pé àwọn kò béèrè rẹ̀ tó nígbà tí ó wà láàyè. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má ṣe sọ iṣẹ́ yín nù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ṣe iṣẹ́ rere fún ìlú, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ó bá kú kí ẹ tó rántí rẹ̀.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó
sígbọnlẹ̀: kí ènìyàn ga, kí ó sì tóbi
àṣekágbá: eré tí ó kẹ́yìn nínú ìdíje
orírun: ibi tí ìdílé ènìyàn ti ṣẹ̀ wá
àwọ̀n: ohun tí a ta sẹ́yìn òpó ilé tí bọ́ọ̀lù máa ń wọ̀ sí

Ìdánrawò
1. Ìlú wo ni a bí Ràṣídì Yẹkínnì sí? Ìlú wo ni orírun rẹ̀?
2. Kí ni ìdí tí a fi ń pe agbábọ́ọ̀lù kan ní atamátàsé?
3. Kí ni Ràṣídì ṣe nígbà tí a já ẹgbẹ́ Vitória sí ìpele kejì?
4. Ìgbà mélòó ni Nàìjíríà pàdánù ní àṣekágbá kí wọ́n tó gba ife ní ọdún 1994? Dárúkọ àwọn ọdún náà.
5. Ta ni ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní àṣekágbá ọdún 1994? Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa?
6. Kọ ìpínrọ̀ kan nípa ẹnì kan ní ìlú rẹ tí ó ti ṣe iṣẹ́ rere fún àwọn ará ìlú.