George Barker Jeffery

Bí òjò bá kún odò Ògùn, a ó rí èérún koríko tí ń yí nínú omi. Jeffery, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní 1891, fi ìṣirò ṣàlàyé irú yíyí bẹ́ẹ̀ ní 1922. Nínú omi tí apá kan ń yára ju èkejì lọ, ohun tín-tìn-tín tí ó gùn a máa pẹ́ ní títẹ̀lé ìṣàn, a sì yí padà lójijì. Ìṣirò náà ni àwọn onímọ̀ ṣì ń lò fún omi tí ń ru.

Ọmọ ìjọ Quaker ni. Ní 1916 ó lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ó kọ̀ láti jagun. Ìròyìn rẹ̀ ti 1950 ni a fi dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952. Ó kú ní 1957.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìṣàn ayé kò yí i padà. Kí àwa náà dúró ṣinṣin.