Marcel Pourbaix

Marcel Pourbaix (16 Oṣù Kẹsàn-án 1904 – 28 Oṣù Kẹsàn-án 1998) jẹ́ onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m. Ó ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń mú kí irin dógùn-ún. Òun ni ó dá àwòrán Pourbaix sílẹ̀, èyí tó ń fi ipò tí èròjà kan lè wà nínú omi hàn.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Rọ́síà ni wọ́n bí Pourbaix sí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Université Libre de Bruxelles ní ọdún 1927. Ní ọdún 1938, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn àwòrán rẹ̀. Ọdún 1945, tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Delft, ní Nẹ́dálándì. Ìwé tó kọ fún oyè náà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949.

Àwòrán Pourbaix

Ìlà ìbú àwòrán náà dúró fún pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó. Ìlà òró dúró fún fólítéèjì. Àwọn ìlà inú rẹ̀ pín in sí agbègbè, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti èròjà tó fìdí múlẹ̀ jù lọ níbẹ̀.

Imí-ọjọ́ (súlfúrù) jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Súlféètì ló gba òkè àwòrán rẹ̀. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ti háídrójìn súlfáìdì, afẹ́fẹ́ olóró tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tó sì máa ń jẹ páìpù irin níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Imí-ọjọ́ fúnra rẹ̀ ní agbègbè tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín méjèèjì, níbi tí omi ti kan. Bí pH ṣe ń ròkè ni agbègbè yìí ń fún, títí yóò fi tán.

Súlfáìtì àti tíósúlféètì kì í sí nínú àwòrán yìí, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà nínú omi lóòótọ́, nítorí pé ìyípadà wọn máa ń falẹ̀. Àwòrán Pourbaix ń sọ ìyípadà tó lè ṣẹlẹ̀ àti èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀. Kò sọ bí yóò ṣe yá tó. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọdún tí páìpù kan yóò lò gbọ́dọ̀ fi àyẹ̀wò kún un.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn

Pourbaix wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ CITCE sílẹ̀ ní ọdún 1949, ẹgbẹ́ tó di International Society of Electrochemistry lónìí. Ní ọdún 1951, ó dá CEBELCOR, ibùdó ìwádìí nípa ìdógùn-ún, sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀m. Ìwé ńlá tó kó àwòrán àwọn èròjà jọ jáde ní èdè Faransé ní ọdún 1963, àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1966.

Ikú

Pourbaix kú ní Brussels ní ọdún 1998, ní ẹni ọdún 94. Àwọn onímọ̀ nípa irin, omi àti ìwakùsà ṣì ń lo àwọn àwòrán rẹ̀.