Roberto Clemente: Ọkùnrin tí kò gbà kí wọ́n gé orúkọ òun kúrú

Gbogbo wa la mọ ohun tójú orúkọ àwọn ọmọ wa ń rí níléèwé níbí. Tíṣà á ní orúkọ náà ti gùn jù, á gé e kúrú. Nígbà tó bá yá, ọmọ fúnra ẹ̀ á máa fi orúkọ gígé yẹn pe ara ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ Roberto Clemente lónìí, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ baseball gbá jù lọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ 18, oṣù kẹjọ, ọdún 1934 ni wọ́n bí i ní ìlú Carolina, ní Puerto Rico. Òun ni àbíkẹ́yìn. Melchor, bàbá ẹ̀, ń bójú tó àwọn lébìrà nínú oko ìrèké. Luisa lorúkọ ìyá ẹ̀. Ẹgbẹ́ Dodgers ti Brooklyn gbà á lọ́dún 1954, wọ́n ní kó lọ máa gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré wọn ní Montreal. Ibẹ̀ ni Pirates ti ìlú Pittsburgh ti mú un kí ọdún yẹn tó parí. Lásìkò náà, ẹ̀yìn pátápátá ni Pirates máa ń wà.

Ẹrù méjì ló wà lọ́rùn Clemente. Èèyàn dúdú ni, Spanish sì ni èdè àbínibí ẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn kan á kọ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀ gẹ́lẹ́, káwọn èèyàn lè fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún sọ ọ́ di Bob. Láti 1957 títí di 1969, Bob ni Topps ń tẹ̀ sórí káàdì tó ní àwòrán ẹ̀. Clemente ò gbà. Roberto lòun ń jẹ́, bó ṣe ń sọ fún wọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ 13, oṣù kẹwàá, 1960, Pirates na Yankees ti New York ní 10 sí 9 nínú ìdíje keje, wọ́n sì gba World Series fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1925. Bill Mazeroski ló gbá bọ́ọ̀lù tó parí ọ̀rọ̀. Nínú baseball, téèyàn bá gbá bọ́ọ̀lù tó sì sáré dé ibùdó láìséwu, hit nìyẹn. Clemente ní hit nínú gbogbo ìdíje méjèèje. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dìbò yan ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ́dún náà, ipò kẹjọ ni wọ́n fi í sí. Ó dùn ún wọra. Níṣe ló tẹra mọ́ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gba ipò kìíní nínú gbígbá bọ́ọ̀lù ní National League, nígbà tó sì di 1966, wọ́n dìbò fún un wàyí.

Ọdún 1971 ló wá jẹ́ ọdún tiẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, Pirates kó èèyàn mẹ́sàn-án bọ́ sórí pápá, gbogbo wọn ló jẹ́ dúdú tàbí ọmọ ilẹ̀ Látìn. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú líìgì ńlá, bẹ́ẹ̀ ọdún 24 ti kọjá lẹ́yìn tí Jackie Robinson ṣílẹ̀kùn. Lóṣù kẹwàá, wọ́n bá Baltimore Orioles pàdé nínú World Series. Orioles mú méjì àkọ́kọ́, àmọ́ Pirates ló borí ní mẹ́rin sí mẹ́ta. Nínú ìgbà 29 tí wọ́n kà fún Clemente, hit 12 ló ní. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n síwájú ẹ̀, gbogbo Amẹ́ríkà ń wò ó. Kó tó sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan, Spanish ló fi kí bàbá àti ìyá ẹ̀ nílé, ó ní kí wọ́n súre fóun. Ọmọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilé!

Lọ́jọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, 1972, hit ẹ̀ pé 3,000. Lóṣù kejìlá, ilẹ̀ mì tìtì ní Managua, ní Nicaragua, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Clemente kó oúnjẹ àti oògùn jọ ránṣẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn sójà ń jí ẹrù náà kó, ó lóun á tẹ̀ lé e lọ fúnra òun. Ẹrù inú bàálù ọ̀hún fi ohun tó lé ní 4,000 pọ́ùn pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ. Ẹnjinníà ni mí, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í wo inúure. Lálẹ́ ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, bàálù náà já sínú òkun, èèyàn márùn-ún bá a lọ. Wọn ò rí òkú Clemente títí dòní. Ọmọ ọdún 38 ni.

Lọ́dún 1973, wọ́n gbé e wọ Hall of Fame láìdúró de ọdún márùn-ún tó yẹ kí wọ́n dúró. Àmọ́ wọ́n ṣi orúkọ ẹ̀ kọ! Roberto Walker Clemente ni wọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sọ Spanish máa ń fi orúkọ ìdílé bàbá ṣáájú ti ìyá: Roberto Clemente Walker. Ọdún 2000 ni wọ́n tó ṣàtúnṣe sí i. Lónìí, afárá kan wà ní Pittsburgh tó ń jẹ́ Roberto Clemente. Kì í ṣe Bob o.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Tí tíṣà ò bá lè pe tọmọ yín, ẹ rọra tún un pè fún un. Á mọ̀ ọ́n pè.