ÌTÀN ÌGBÉSÍ-AYÉ OLÓYÈ J. S. ỌLÁWOYIN TI Ọ̀FÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í perí akọni kí a má fi idà lalẹ̀. Bí a bá ń sọ ìtàn òṣèlú ní Ọ̀fà, ní Òjòkú, àti ní àwọn ìlú mìíràn tí ó wà ní àyíká wọn, orúkọ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Orúkọ náà ni Josiah Sunday Ọláwoyin. Ọkùnrin yìí kò jẹ gómìnà rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tirẹ̀ kọ́ ni ó ń ṣe ìjọba nígbà tí ó wà ní Ilé Aṣòfin. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó ṣe nígbà tí ó wà nípò àti nígbà tí kò sí nípò tó ohun tí a lè fi kọ́gbọ́n.

Ní ọdún 1925 ni a bí i ní Ọ̀fà, ìlú tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ́ ìjàkadì. Ní ayé ìgbà náà, abẹ́ Ìlọrin ni Ọ̀fà wà, Ìlọrin pẹ̀lú sì wà lábẹ́ ìjọba Ìhà Àríwá. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n Kàdúná ni òfin wọn ti ń wá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ká Ọláwoyin lára. Ó bẹ̀rẹ̀ òṣèlú ní ọdún 1948. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, sílẹ̀ ní ọdún 1951, kò pẹ́ tí ó fi di aṣíwájú ẹgbẹ́ náà ní agbègbè rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí a yí ààlà padà, kí Ìlọrin àti Kàbà lè dara pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n fọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Ìlọrin Tàlákà Pàràpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, tí Henry Willink jẹ́ alága rẹ̀, láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ìgbìmọ̀ náà kò yí ààlà padà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dámọ̀ràn pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin ilẹ̀ wa kí ẹnikẹ́ni má baà fi agbára jẹ ẹlòmíràn níyà. Ọláwoyin kò rí ohun tí ó bèèrè gbà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fún un yìí ni ó padà mú lò.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìhà Àríwá. Ẹgbẹ́ NPC, ẹgbẹ́ Sardauna Ahmadu Bello, ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí alátakò bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọwọ́ tí ó pọ̀ ni yóò borí nígbà tí a bá dìbò. Ní ọdún 1958, Ìhà Àríwá ní òfin kan nípa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Apá kan nínú òfin náà sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú òṣèlú, ó sì la ìyà sílẹ̀ fún ọmọ náà àti fún àgbàlagbà tí ó bá tì í sí i.

Ọláwoyin rí i pé òfin yìí wọ inú ilé onílé. Ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní òṣèlú, ó sì gbà pé òmìnira láti sọ̀rọ̀ àti ẹ̀tọ́ bàbá lórí ilé rẹ̀ wà nínú òfin ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ó pe Agbẹjọ́rò Àgbà Ìhà Àríwá lẹ́jọ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga kò dá a láre. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ, ṣùgbọ́n ó pàdánù níbẹ̀ pẹ̀lú ní ọdún 1961. Àwọn adájọ́ ní kò sí ẹni tí ó mú un, kò sì sí ẹni tí ó halẹ̀ mọ́ ọn. Ní kúkúrú, ẹni tí iná kò tíì jó kò lè wá ké ní ilé-ẹjọ́ pé iná jó òun.

Ẹjọ́ tí ó pàdánù yìí kò kú. Ní ọdún 1981, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Abraham Adésànyà pe Ààrẹ Shehu Shagari lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ Ọláwoyin tún jẹ yọ níwájú àwọn adájọ́. Títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà á nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ nípa ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ìjọba lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìjì dé. Ní ọdún 1962, a fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ọláwoyin sì wà lára àwọn tí a jọ fẹ̀sùn kàn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba, Ilé Aṣòfin sì di títì. Ní ọdún 1967, a pín orílẹ̀-èdè wa sí ìpínlẹ̀ méjìlá, Ọ̀fà àti Ìlọrin sì bọ́ lọ́wọ́ Kàdúná. Ohun tí Ọláwoyin ti ń jà fún gba ọ̀nà mìíràn wá.

Nígbà tí òṣèlú padà dé, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ UPN, ó sì díje fún ipò gómìnà Kwara ní ọdún 1979. Adamu Attah ti ẹgbẹ́ NPN ni ó borí. Ní ọdún 1983, Cornelius Adébáyọ̀ ni ó gbé àsíá UPN, òun ni ó sì wọlé. Ọláwoyin, ẹni tí ó ti ń gbin oko náà láti ìgbà èwe rẹ̀, kọ́ ni ó jókòó sórí àga gómìnà. Ó kọ ìrírí rẹ̀ sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1993. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ń pè é ní Asíwájú Ọ̀fà títí ó fi papòdà ní ọdún 2000.

Àwọn kan lè sọ pé ìbá sàn fún un bí ó bá ti bá àwọn tí ó wà lórí oyè lọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá ìbá rí ipò gbà, ṣùgbọ́n ta ni ìbá bèèrè ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn ní ilé-ẹjọ́? Ẹ̀kọ́ tí ìgbésí-ayé rẹ̀ kọ́ wa ni pé aṣòfin kì í ṣe ẹni tí ó ń borí nígbà gbogbo. Ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ wọn rán ni, tí yóò sì jẹ́ iṣẹ́ náà, yálà ó wà nípò tàbí kò sí nípò.