James Watt àti Yàrá Iṣẹ́ Abẹ́ Òrùlé

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè pé ta ni James Watt, kíá ni yóò dáhùn pé òun ni ọmọdékùnrin tí ó jókòó ti ìkòkò omi lórí iná, tí ó rí i bí èéfín omi ti ń ti ọmọrí ìkòkò sókè, tí ó sì ti ibẹ̀ mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ènìyàn rò pé ọgbọ́n a máa já lu ni bí ìgbà tí èso bá já láti orí igi. Ọkùnrin yìí kò he ọgbọ́n ní ìdí ààrò. Inú yàrá kékeré mẹ́ta ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwọn ohun kéékèèké tí ó jẹ́ àwòṣe ohun ńlá. Àwọn yàrá wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ ìtàn wọn, àgàgà èyí tí ó kẹ́yìn, tí ó wà lábẹ́ òrùlé ilé rẹ̀.

Ìlú Greenock, ní etí òkun ilẹ̀ Skọ́tílándì, ni a bí i sí ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1736. Bàbá rẹ̀ a máa kan ọkọ̀ ojú omi, a máa ṣòwò, a sì máa tún àwọn ohun èlò tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà lójú òkun ṣe. Olókùnrùn ni ọmọ náà. Orí a máa fọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ déédéé, ilé ni ó sì ti kọ́ púpọ̀ nínú ìwé tí ó kọ́kọ́ mọ̀. Bàbá rẹ̀ kò bínú sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ọmọ tí kò lè jáde kò wúlò. Ó wá irinṣẹ́ tí ó mọ níwọ̀n ọwọ́ ọmọ fún un, ó ya tábìlì iṣẹ́ kékeré kan sọ́tọ̀ fún un nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣe ààrò alágbẹ̀dẹ kékeré kan kún un. Níbẹ̀ ni James ti ń ṣe àwòṣe àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹrù sókè láti inú ọkọ̀ ojú omi. Yàrá àkọ́kọ́ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igun kan péré ni nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1755, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 19, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ àwọn ohun èlò ìwọ̀n. Ọdún méje ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ìgbà náà fi ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó san gínì 20 fún ọ̀gá kan tí ń jẹ́ John Morgan, ó sì kọ́ iṣẹ́ náà láàrin ọdún kan. Kì í fẹ́ jáde sí ìgboro, nítorí àwọn kan wà tí ń fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ iṣẹ́ ogun ojú omi. Àárẹ̀ ni ó dá a padà sílé ní ọdún 1756.

Ní àkókò náà ni àwọn ohun èlò ìwòràwọ̀ kan dé sí Yunifásítì Glasgow láti erékùṣù Jàmáíkà. Oníṣòwò ọmọ Skọ́tílándì kan, Alexander Macfarlane, ni ó fi wọ́n sílẹ̀ fún yunifásítì nígbà tí ó kú. Kò yẹ kí àwa gbàgbé pé ọkùnrin náà ní ẹrú ní Jàmáíkà, àti pé àwọn ènìyàn tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn ni ó ń ṣe làálàá tí irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró lé. Afẹ́fẹ́ òkun ti ba àwọn ohun èlò náà jẹ́, Watt ni wọ́n sì pè láti tún wọn ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́rùn, wọ́n sì fún un ní yàrá kan nínú ọgbà yunifásítì ní ọdún 1757. Èyí ni yàrá kejì. Kò pẹ́ tí ó fi di ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé, bíi Joseph Black àti John Robison, ti máa ń wá jókòó bá a sọ̀rọ̀.

Ní ìgbà òtútù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1763, ọ̀jọ̀gbọ́n John Anderson gbé àwòṣe kan fún un láti tún ṣe. Àwòṣe ẹ̀rọ Newcomen ni. Thomas Newcomen, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1712 láti máa fa omi kúrò nínú àwọn kòtò tí wọ́n ti ń wa èédú. Ẹ fi ojú inú wo odó irin kan, àti ọmọ odó tí ó há mọ́ inú rẹ̀ gádígádí. Èéfín omi gbígbóná yóò kún inú odó náà, ọmọ odó yóò lọ sókè. A ó wá wọ́n omi tútù sínú rẹ̀. Èéfín yóò padà di omi, inú odó yóò ṣófo, afẹ́fẹ́ òde yóò sì ti ọmọ odó wálẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí ó ti ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nílẹ̀ ni ó ń fa omi jáde nínú kòtò.

Àwòṣe tí Anderson gbé wá kò ju ohun tí a lè gbé ka orí tábìlì lọ. Ìǹṣì méjì péré ni fífẹ̀ odó rẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù rí fún àtúnṣe, pàbó ni ó já sí. Watt tún un ṣe, ó dáná sí i, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ odó bá ti lọ tí ó bọ̀ ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, èéfín á tán, ẹ̀rọ á sì dúró. Ẹlòmíràn ì bá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì dá ẹrù padà fún ẹlẹ́rù. Watt kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tí omi ń hó nínú rẹ̀ tóbi tó. Kí ni ó wá ń jẹ èéfín?

Ó wádìí títí ó fi rí i pé ara odó náà ni ó ń jẹ ẹ́. Bí ohun kan bá ti kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ti pọ̀ sí ju ohun tí inú rẹ̀ lè gbà lọ. Ẹ bu omi gbígbóná sínú ife kékeré kan, kí ẹ sì bu òmíràn sínú garawa, kí ẹ wo èyí tí yóò kọ́kọ́ tutù. Idẹ ni a sì fi ṣe odó náà, idẹ a sì máa gbé ooru lọ kánkán. Gbogbo ìgbà tí a bá wọ́n omi tútù sínú rẹ̀ ni ó ń tutù, èéfín tuntun yóò sì kọ́kọ́ ṣòfò lórí mímú un gbóná padà. Àbùkù kan náà wà lára àwọn ẹ̀rọ ńláńlá inú kòtò, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́ nínú wọn. Àwọn tí ó ni wọ́n kàn ń da èédú sí i ni. Kíkéré tí àwòṣe yìí kéré ni ó tú àṣírí náà.

Ó lé ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dà á láàmú. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1765, bí ó ti ń rìn gbẹ̀fẹ́ ní pápá Glasgow Green, ojútùú rẹ̀ yé e: kí a má ṣe wọ́n omi tútù sínú odó mọ́ rárá, kí a jẹ́ kí èéfín sá bọ́ sínú ìkòkò mìíràn tí ó tutù, kí ó di omi níbẹ̀, kí odó sì máa gbóná títí. Kò fi falẹ̀. Ó mú ọ̀pá idẹ oníhò kan, irú èyí tí a fi ń fa omi tí a sì fi ń tì í jáde, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò pé ìǹṣì méjì, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 10. Ó fi í ṣe odó, ó sì fi páànù ṣe ìkòkò ìtutù sí i. Ohun kékeré náà gbé ìwúwo pọ́n-ùn 18 sókè.

Bí ẹ bá rò pé wàhálà parí síbẹ̀, ẹ kò tíì kan ohun ńlá rí. Èyí tí àwòṣe gbà lórí tábìlì, ẹ̀rọ ńlá kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1769 ó ṣe ọ̀kan tí fífẹ̀ odó rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 18, ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ tí ó lè mú kí inú odó náà rí róbótó dọ́gbadọ́gba, èéfín sì ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ odó. Ó fi àkísà dí i, ó fi bébà dí i, ó tilẹ̀ fi ògbólógbòó fìlà dí i. Owó tán; ó ń wọn ilẹ̀ kiri fún àwọn tí ń gbẹ́ ipa odò kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Ní ọdún 1773 ìyàwó rẹ̀, Margaret, kú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó kó lọ sí Birmingham, ó sì bá Matthew Boulton ṣe àjọṣe. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ John Wilkinson ni ó wá rí ọ̀nà tí a lè gbà gbẹ́ inú odó irin kí ó dọ́gba. Ọdún 1776 ni àwọn ẹ̀rọ ńlá àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn ọdún 11 tí àwòṣe ti ṣiṣẹ́.

Owó dé, òkìkí dé. Ní ọdún 1790 ó kọ́ ilé ńlá kan sí Handsworth lẹ́bàá Birmingham, ó pè é ní Heathfield. Ní ọdún 1800, nígbà tí àkókò ìwé àṣẹ tí ìjọba fún un lórí ẹ̀rọ rẹ̀ parí, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Nínú gbogbo yàrá tí ó wà nínú ilé náà, èyí tí ó yàn fún ara rẹ̀ ni èyí tí ó wà lókè pátápátá lábẹ́ òrùlé, tí ó móoru bí ààrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì tutù nini nígbà òtútù. Yàrá kẹta nìyí. Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ kejì, Ann, kò fẹ́ ìdọ̀tí nínú ilé rárá, òun ni ó sì lé bàbá arúgbó gòkè. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké, tí ẹyọ irin kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò máa fi wákàtí kan wá a, mọrírì ibi tí ẹnikẹ́ni kì yóò ti gbálẹ̀ fún un.

Bí ó ti tò ó fi hàn pé ó ti ń ti àwòṣe bọ̀ láti kékeré. Ìdí fèrèsé ni ó gbé ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀ sí, èyí tí ń yí igi tàbí idẹ kí ọ̀bẹ lè gé e róbótó, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ó gbé ààrò onírin kan sínú yàrá. Pẹpẹ àti àpótí kéékèèké yí ògiri ká. Irinṣẹ́ wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìgò oògùn, òkúta, àti àjákù àwọn ohun tí ó ti ṣe ní ìgbà èwe rẹ̀ ní Glasgow, nítorí kì í da ohunkóhun nù. Páànù ìdíngẹ̀ẹ́rẹ́ pàápàá wà níbẹ̀, kí ó lè se oúnjẹ ara rẹ̀ láìsọ̀ kalẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ̀rọ méjì ni ó gba àyè jù nínú yàrá náà. Nígbà tí ó lọ sí Páríìsì ní ọdún 1802, ó rí ẹ̀rọ kan tí a fi ń ṣe àdàkọ àwòrán ojú owó ẹ̀yẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí ènìyàn ti lè fi ẹ̀rọ ṣe àdàkọ odindi ère. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbẹ́ ère tí ó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, èkejì ń gbẹ́ èyí tí ó kéré sí i. Ìka irin kan wà lára ọ̀pá gígùn; ìka náà yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójú ère, yóò tọ imú, yóò tọ ètè, yóò tọ ìpéǹpéjú. Lára ọ̀pá kan náà ni ọ̀bẹ kékeré kan ń yí gìrìgìrì, tí ó ń gé eyín erin tàbí òkúta gẹ́gẹ́ bí ìka ti ń rìn. Bí ọ̀bẹ bá jìnnà sí ìdí ọ̀pá ní ìdajì bí ìka ti jìnnà sí i, ère tuntun yóò jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́, ìrísí wọn kò sì ní yàtọ̀. Ó gbẹ́ orí Adam Smith, ọ̀mọ̀wé tí ó ti mọ̀ ní Glasgow, ó sì ń fi irú ère bẹ́ẹ̀ ta àwọn ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Á máa fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni ó gbẹ́ wọn, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ nìkan kọ́ ni ó wà nínú yàrá náà. Ọmọ méjì ni Ann bí fún un, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ọmọbìnrin náà, Jessy, kú ní ọdún 1794. Gregory, ọmọkùnrin náà, mọ̀wé púpọ̀, ìfẹ́ bàbá rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ikọ́ ife pa á ní ọdún 1804, ẹni ọdún 27. Àwọn ìwé tí Gregory fi kọ́ ẹ̀kọ́ nígbà tí ó wà ní ọmọdé, àti àwọn àwòrán tí ó yà, ni Watt kó sínú àpótí kan, ó sì gbé àpótí náà lọ sí òkè, sínú yàrá iṣẹ́. Kò gbé e sí yàrá ìyẹ̀wù, kò gbé e pamọ́ sí ibi tí ojú kò ti ní rí i. Lẹ́yìn náà ni ó tẹra mọ́ àwọn ẹ̀rọ ère gidigidi. Boulton kú ní ọdún 1809, àwọn ọ̀rẹ́ ìgbà Glasgow sì ti lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ère náà, kò fi í pa owó. Ó ń gòkè lójoojúmọ́ tí ara bá gbé e, ó ń jókòó sí ìdí fèrèsé rẹ̀, ó ń ṣe àtúnṣe.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1819 ni ó kú nínú ilé náà, ẹni ọdún 83. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá òkè, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fi wà bí ó ti fi í sílẹ̀; ìwọ̀nba àlejò ni a ń jẹ́ kí ó wọ ibẹ̀, eruku sì bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n wó ilé náà, ní ọdún 1924, wọ́n kó gbogbo yàrá náà lọ sí Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun èlò tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 8,000. Wọ́n tú ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n tú pákó ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì yọ fèrèsé tí ó máa ń jókòó tì, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ.