Aldo Leopold: Pọ̀fẹ́sọ̀ Tó Fi Ṣọ́bìrì Gbin Igbó

Nílé, igbó ni à ń ṣán kí a tó gbin ohun tí a máa jẹ. Ta ló máa wá fi owó ara rẹ̀ ra oko, kó sì tún sọ ọ́ di igbó padà? Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín nígbà tí ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé òyìnbó kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Wisconsin. Àṣé mo mọ orúkọ ìdílé náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe másítà, ìwé tí Luna Leopold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa bí odò ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ wà lára ohun tí a kà lákàtúnkà. Bàbá Luna yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1887 ni wọ́n bí Aldo Leopold ní Burlington, ìpínlẹ̀ Iowa, létí odò Mississippi. Ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti Jámánì ni. Carl, bàbá rẹ̀, ń ṣe tábìlì ìkọ̀wé tà, ó sì tún jẹ́ ọdẹ. Òun ló ń mú ọmọ náà lọ sínú igbó àti àbàtà etí odò, tó ń kọ́ ọ bí a ti ń wo ipasẹ̀ ẹran. Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nínú ilé, òun sì ni Aldo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bẹ̀rù pé Yorùbá máa da Gẹ̀ẹ́sì rú mọ́ ọmọ yín lẹ́nu, ẹ fi èyí sọ́kàn o: ọmọ yìí ló dàgbà tó kọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó ti tà ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Ó ka ìwé dé Yale, ó gba másítà nínú ìmọ̀ igbó lọ́dún 1909, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á síṣẹ́ lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n rán an lọ sí apá Arizona àti New Mexico. Ọmọ ọdún 22, ìbọn lọ́wọ́, ẹṣin lábẹ́! Ohun tí gbogbo ọ̀gá ń sọ nígbà náà ni pé ìkookò ń pa ẹran jẹ, kí wọ́n pa ìkookò run kí àgbọ̀nrín lè pọ̀ fún ọdẹ. Aldo gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìnbọn lu abo ìkookò kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti orí òkè. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn kó tó kú, ó sì wo ojú rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ ṣe ń ṣá lọ. Ẹ má rò pé ojú ẹsẹ̀ ló yí padà. Rárá o. Ọ̀pọ̀ ọdún ló tún fi ṣe alátìlẹyìn pípa ìkookò. Ìgbà tó di àgbà, tó ti fojú ara rẹ̀ rí òkè tí àgbọ̀nrín jẹ ewé rẹ̀ tán pátápátá, ló tó jẹ́wọ́ nínú ìwé pé òun ṣìnà. Ìyẹn wà lára ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀. Ẹni mélòó nínú àwa tí a kàwé ló lè sọ bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún 1912 ó fẹ́ Estella Bergere ní Santa Fe. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 1913, ìjì àti òtútù mú un lójú ọ̀nà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ káàkiri lórí ẹṣin. Ara rẹ̀ wú, kídìnrín rẹ̀ dá a gúnlẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú. Ó ju ọdún kan lọ tó fi wà nílé tó ń tọ́jú ara. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ènìyàn kò tíì bà jẹ́ ló gbà á lọ́kàn, àkitiyan rẹ̀ ló sì jẹ́ kí ìjọba ya igbó Gila sọ́tọ̀ ní New Mexico lọ́dún 1924, pé kí ẹnikẹ́ni má la ọ̀nà mọ́tò wọ inú rẹ̀. Irú rẹ̀ kò tíì sí rí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Madison ní Wisconsin. Yunifásítì ibẹ̀ sọ ọ́ di pọ̀fẹ́sọ̀ lọ́dún 1933.

Ó dára. Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí.

Lọ́dún 1935, Leopold ra oko kan létí odò Wisconsin, nítòsí Baraboo, éékà 80. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú oko kòkó wo oko yìí. Ilẹ̀ iyanrìn ni. Wọ́n ti gbin àgbàdo sí i títí gbogbo ọ̀rá ilẹ̀ fi tán, ilé tó wà níbẹ̀ ti jóná, àwọn tó ni ín ti bá tiwọn lọ. Ilé adìyẹ kan ṣoṣo ló ṣì wà lórí ìdúró, ìgbẹ́ adìyẹ sì kún inú rẹ̀. Pọ̀fẹ́sọ̀ odindi kó ìyàwó àti ọmọ márùn-ún (Starker, Luna, Nina, Carl àti Estella kékeré) wá síbẹ̀, wọ́n kó ìgbẹ́ náà jáde, wọ́n fi pákó tí odò gbé wá tún un ṣe, wọ́n kọ́ ibi ìdáná sí i. Kò sí iná mànàmáná, kò sí omi ẹ̀rọ. Ilé adìyẹ yìí di ibi tí wọ́n ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ilé ìgbẹ́ tí wọ́n kọ́ síta, wọ́n sọ ọ́ ní Parthenon, bí tẹ́ḿpìlì àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Àwọn náà mọ yẹ̀yẹ́ ṣe.

Ọdún yẹn kan náà ló lọ wo àwọn igbó Jámánì, ilẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ó rò pé òun máa rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ó rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń retí: igi oríṣi kan ṣoṣo tí wọ́n tò lọ bí ọmọ ogun, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, àgbọ̀nrín sì pọ̀ débi pé wọ́n ti jẹ gbogbo ewéko tó yẹ kó hù níbẹ̀. Igi wà, igbó kò sí. Nítorí náà, ohun tó fẹ́ lórí ilẹ̀ tirẹ̀ ni àwọn igi tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Wisconsin, pàápàá páìnì funfun àti páìnì pupa tí àwọn agégẹdú ti gé lọ rẹpẹtẹ ní sẹ́ńtúrì tó ṣáájú. Ó fi igi oákù sí i, ó sì tún gbin àwọn koríko àti òdòdó ọ̀dàn tó ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí ohun ìtúlẹ̀ tó dé.

Oṣù kẹrin ọdún 1936 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ gidi. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Ẹnì kan á ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀, á fà á sẹ́yìn kí ilẹ̀ lanu, ẹnì kejì á yọ igi kékeré látinú garawa tí wọ́n fi ń dáàbò bo gbòǹgbò rẹ̀ kó má gbẹ, á kì í bọ ihò, wọ́n á fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ pa. Ìṣísẹ̀ mélòó kan síwájú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro wọ́n, ẹnu kò sinmi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ni wọ́n gbìn.

Ọ̀dá dé. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1936 wà lára èyí tó gbóná jù tí àárín Amẹ́ríkà tíì rí. Òjò kọ̀, iyanrìn gbóná bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo igi tí wọ́n gbìn ló kú. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe: ǹ bá ta ilẹ̀ náà. Àwọn Leopold padà wá nígbà ìrúwé ọdún kejì, wọ́n gbin òmíràn sípò wọn. Ọ̀dá fúyẹ́, ehoro bẹ̀rẹ̀ sí gé igi jẹ. Ehoro fúyẹ́, àgbọ̀nrín dé nígbà yìnyín, wọ́n ń ṣá orí páìnì funfun jẹ. Ọdọọdún ni wọ́n ń padà gbìn, títí igi tí wọ́n fi ọwọ́ gbìn láàárín ọdún 12 fi di nǹkan bí 40,000. Àràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá á ti jókòó síta pẹ̀lú kọfí àti ìwé kékeré, á máa kọ ẹyẹ tó kọ́kọ́ ké, ọjọ́ tí òdòdó báyìí tanná, ọjọ́ tí yìnyín kúrò lórí odò.

Ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín yẹn dá ìjà sílẹ̀ o. Lọ́dún 1943 ìjọba ìpínlẹ̀ fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó igbó àti ẹran. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọdẹ pa abo àti ọmọ àgbọ̀nrín, nítorí ìkookò tó ń dín wọn kù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ebi sì ń pa wọ́n nínú yìnyín. Àwọn ará ìlú àti ìwé ìròyìn bú u kíkankíkan. Ẹni tó ti yìnbọn pa ìkookò nígbà èwe ló wá ń gba èébú lórí ohun tí àìsí ìkookò fà.

Ó ti ń kó àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ di ìwé láti ìgbà pípẹ́, àwọn atẹ̀wé sì ń dá a padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1948, ìròyìn dé pé Oxford University Press ti gbà á. Inú rẹ̀ dùn, ó mú ìyàwó rẹ̀ àti Estella kékeré, wọ́n lọ sóko láti lọ gbin igi bí ìṣe wọn. Ní ọjọ́ 21, wọ́n rí èéfín lórí ilẹ̀ aládùúgbò wọn. Iná ń bọ̀ ní ìhà ibi tí àwọn páìnì wà. Gbogbo wọn gbéra láti lọ pa á. Aldo gbé ìkòkò ìfúnmi kọ́ ẹ̀yìn, ó dá lọ sí apá kan, ọkàn rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún 61 ni. Iná kò dé ọ̀dọ̀ àwọn igi rẹ̀.

Luna ló parí ètò ìwé náà, ó jáde lọ́dún 1949 pẹ̀lú orúkọ A Sand County Almanac. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ márùn-ún, Starker, Luna àti Estella, ni wọ́n yàn sí National Academy of Sciences. Nina padà wá gbé lẹ́bàá oko náà lọ́jọ́ ogbó, ó tún ń kọ ọjọ́ òdòdó àti ẹyẹ sílẹ̀ bíi ti bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi tuntun wé ti àtijọ́, ó hàn pé ọ̀pọ̀ òdòdó àti ẹyẹ ti ń tètè dé ju ti ayé bàbá lọ, nítorí ìgbà òtútù ń tètè kásẹ̀ nílẹ̀. Ìwé kékeré àràárọ̀ yẹn ti di ẹ̀rí nípa ojú ọjọ́.

Àwa onímọ̀ ẹ̀rọ, ibi tí ẹnu mi ti ń ṣomi nìyí: àwọn páìnì wọ̀nyẹn dàgbà débi pé wọ́n fún mọ́ ara wọn jù. Wọ́n gé díẹ̀ láàárín wọn kí ìyókù lè mí, wọ́n sì fi pákó rẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ àjọ Aldo Leopold Foundation, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2007, ní àgbègbè ibi tí bàbá náà ṣubú sí. Ilé adìyẹ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ìjọba àpapọ̀ sì fi oko náà sára àwọn ibi ìtàn tí orílẹ̀-èdè ń dáàbò bò lọ́dún 2009. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Chicago, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni pẹ̀lú mọ́tò. Ẹ kó àwọn ọmọ dání, ẹ sì wọ bàtà tó le, torí iyanrìn ibẹ̀ pọ̀.