Samuel Àjàyí Crowther: Ìjọ, Ìrẹ̀lẹ̀ àti Ìrẹ̀sílẹ̀

Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá tí orúkọ Samuel Àjàyí Crowther ti ṣàjèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n mọ́ gírámà, mọ́ ìwé atúmọ̀ èdè àti mọ́ Bíbélì Mímọ́. Ohun tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà ni pé kí ó tó di ọ̀mọ̀wé àti bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ ìjọ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, ọmọ ìjọ ni ó sì jẹ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Inú ìjọ ni ó ti kọ́ láti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Inú ìjọ kan náà ni àwọn kan sì ti gbìdánwò láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ọ̀tọ̀, ìrẹ̀sílẹ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kò lè ka ìtàn ọkùnrin yìí ní àkàyé.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kọlu ìlú náà, wọ́n sì kó Àjàyí àti Àfàlá ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n yà wọ́n nípa. Wọ́n ta ọmọ náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n fi í dí ẹṣin. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ Potogí tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró.

Abúlé Bathurst ni wọ́n fi í sí. Ọgbẹ́ni Davey àti ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ ọ ní ìwé, ó tún kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, kò sì pẹ́ rárá tí ó fi mọ Májẹ̀mú Titun kà. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ ìbá ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó ju ẹgbẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìjọ Sàró kò ní àga ọ̀tọ̀ fún olóye. Ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ìgbò, títí kan àwọn tí ìlú wọn ń bá ara wọn jagun, ibẹ̀ ni wọ́n jọ ń jókòó, tí wọ́n jọ ń dáhùn ìbéèrè kan náà. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ó lò ní Sàró kí wọ́n tó sàmì fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, 1825. Asano, ọmọbìnrin tí òun náà bọ́ lọ́wọ́ ẹrú, tí a wá ń pè ní Susan, ni ó fẹ́ níyàwó lẹ́yìn náà.

Ní 1827 ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ó ṣe olùkọ́, ó bá wọn rin ìrìn àjò Odò Ọya ní 1841, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ni ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe níbẹ̀ rí. Ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè dúró sí díẹ̀ nìyí. Èdè tí ọmọdé mú kúrò ní Òṣogùn kò tó fi wàásù fún àgbà. Àlùfáà tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa wá di ẹni tí ń bi àwọn tí kò mọ̀wé léèrè ohun tí wọ́n ń pe nǹkan. Ó ń ṣọ́ ẹnu àwọn àgbà, ó ń tọpinpin àṣà wọn kí ó lè mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó sì ń kó òwe wọn jọ. Lọ́nà yìí, ìjọ ni ó di olùkọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé inú yàrá ni ó jókòó sí tí ó fi ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, kò tíì mọ bí iṣẹ́ ìtumọ̀ ti rí. Thomas King àti àwọn mìíràn bá a ṣe é pẹ̀lú. Bíbélì náà kò sì parí títí di ọdún 1884.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó ti wọ Abẹ́òkúta, níbi tí ìjọ Ìgbẹ̀ìn ti di iṣẹ́ rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Àfàlá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Ọdún 25 ni ìyá àti ọmọ kò fi fojú kan ara wọn. Ó rọrùn láti rò pé ìyá àlùfáà yóò gba ọ̀nà àbùjá wọ inú ìjọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kejì, 1848, ìyẹn nǹkan bí oṣù méjìdínlógún lẹ́yìn náà, ni wọ́n tó sàmì fún un, tí ó sì gba orúkọ Hánà. Ìyá àgbà ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ bí àwọn yòókù, ọmọ rẹ̀ kò sì yọ ọ́ sílẹ̀ nínú ètò tí ó kan gbogbo ènìyàn.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Henry Townsend, ẹni tí wọ́n jọ wọ Abẹ́òkúta, kò gbà kí òyìnbó wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Crowther fúnra rẹ̀ kọ̀ níbẹ̀rẹ̀; Venn ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Kàtídírà Canterbury. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fún un: ilẹ̀ Odò Ọya àti àwọn ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò dé. Wọ́n yọ ìjọ Abẹ́òkúta, ti Ìbàdàn àti ti Èkó kúrò. Èkó ni ó fi ṣe ibùgbé, síbẹ̀ kò ní àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù lórí ìjọ tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀. Bí ó bá ti Odò Ọya dé, ẹni tí ń pàṣẹ fún àlùfáà lọ́hùn-ún a tún di ọmọ ìjọ bí àwọn ẹlòmíràn. Ó gbé e bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò sì torí èyí dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìrẹ̀lẹ̀ yìí ní àléébù. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan lórí Odò Ọya ń hu ìwà tí kò yẹ, àwọn ibùdó jìnnà síra, Crowther sì máa ń lọ́ra láti bá ènìyàn wí. Òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí C.M.S. rán wá kò bá ti àtúnṣe nìkan wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìṣúná ní Onitsha, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, títí kan Dandeson ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ àlùfáà àgbà. Òun ni alága ìpàdé náà. Graham Wilmot Brooke, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ta kò ó, kò ju ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Crowther ti lé ní ọgọ́rin. Fún Yorùbá tí ó mọ iyì àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kò nílò àlàyé.

Crowther kò gba ìwọ̀sí náà mọ́ra bí ẹni tí kò lẹ́nu. Ó fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó sì dúró ti ìjọ Bonny àti Brass tí wọ́n fẹ́ máa bójú tó ara wọn láìgba owó C.M.S. Ní Èkó, inú bí àwọn Kristẹni gidigidi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1891, àwọn kan dá ìjọ United Native African sílẹ̀. Ìbínú wọn tọ́. Bí bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà bá ti bá wọn lọ, ogunlọ́gọ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Kò lọ. Ó kọ ìrẹ̀sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ ìjọ. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún kan náà ni ó kú ní Èkó.

Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1892, ìjọ etí òkun Bonny àti Brass bọ́ lábẹ́ àkóso C.M.S. pẹ̀lú Dandeson gẹ́gẹ́ bí olórí, síbẹ̀ wọn kò kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà dúró ní kàtídírà kan náà, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọ ṣe sí i.